Ìwádìí Tí Amòye Kò Ṣe

"Ẹ̀rọ tó máa kọ́ èmi níṣẹ́, ìyá rẹ̀ ò tíì lóyún rẹ̀!" Dókítà àgbà tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Amòye lu àyà gbàgà níwájú ìgbìmọ̀. "Ìlànà ìtọ́jú ibà ọmọ ọwọ́ tó wà lọ́wọ́ yín yìí, orí tèmi ló ti jáde. Gbogbo ìwádìí inú rẹ̀ ni mo kà, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́!"

Irọ́ funfun báláú. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n orí kọ̀ǹpútà ló kọ ọ́ nígbà tí Amòye ń wo bọ́ọ̀lù. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ló kà, torí pé orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun yìí náà ló mú dókítà kan dúró láàárín wọ́ọ̀dù lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ní kó bẹ aláìsàn, nítorí pé dókítà náà bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè!

Nínú ìgbìmọ̀ yìí, kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìlànà, oníkálukú gbọ́dọ̀ yin ibi tó dùn mọ́ ọn jù. Ẹni tí kò bá yin ọ̀gá, kó má retí ìgbéga.

"Ọ̀gá, ojú ìwé kẹfà yẹn pa mí!" Apòògùn ló bẹ̀rẹ̀. "Ìwádìí tí ẹ̀yin àti Mọ́mì tó jókòó yìí jọ ṣe, tó ní ká sọ oògùn ibà di ìlọ́po méjì. Mo kà á tán!"

"Èmi tún un kà," oníṣẹ́ abẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Omijé bọ́ lójú mi."

Amòye bi ara rẹ̀: Ìwádìí wo? Ó ṣí ojú ìwé kẹfà: orúkọ rẹ̀ rèé, ti Mọ́mì tẹ̀lé e. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn létí.

"Iṣẹ́ ńlá ni," ó ní. "A jìyà níbẹ̀."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mọ́mì, dókítà tó ti fẹ̀yìn tì, tó kọ́ gbogbo wọn níṣẹ́, bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ibo la ti ṣe é?"

"Ẹ ti gbàgbé ni, mà. Ó ti pẹ́."

"Ìlọ́po méjì oògùn yìí, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló máa bà jẹ́. Wọ́ọ̀dù ń dúró de ìwé wa. Bá a ṣe ń jáde báyìí ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọ lóògùn náà. Mo ní, ibo?"

Ọmọ ọwọ́ kan figbe ta lẹ́yìn ògiri. Ó wu Amòye kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì, ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ náà.

"Mọ́mì, a ò ṣe ìwádìí kankan." Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọ iléèwé. "Ẹ̀rọ ló kọ ọ́. Mi ò kà á. Ẹ forí jì mí."

Ó ń retí ẹ̀rín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Apòògùn ń wo bàtà ara rẹ̀.

"Ọ̀gá... ẹ̀rọ náà lèmi bi pé ibo ni kí n yìn."

Oníṣẹ́ abẹ wúkọ́. "Èmi náà. Òun ló ní kí n dárúkọ omijé."

Gbogbo wọn wá kọjú sí Mọ́mì, kó nà wọ́n lọ́rọ̀. Ìyá náà fa ìwé tirẹ̀ mọ́ra, ó fọwọ́ bo ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà.

"Ẹ bá mi wá rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́," ó ní. "Mo ti fọwọ́ sí i kí n tó kà á."