Wọ́n ń Wá Eyínfúnjowó

Àwa tá a ń ṣọjà ní Ìyànà Ìbà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ: kí la ń fi íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe gan-an? Ẹ̀fẹ̀ la fi ń wò. Ìjà tọkọtaya tá ò mọ̀ rí la fi ń ránṣẹ́ síra wa. Wọ́n ní gbogbo ayé ló wà nínú ẹ̀, àwa ń fi owó ra dátà ká lè wo ẹni tó ń ṣubú sí kòtò. Bí Maimunat náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ọmọ Ìsẹ́yìn tó ń ta ṣájà àti kéèsì fóònù lẹ́bàá ibùdókọ̀, títí ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ bi í ní ìbéèrè kan.

Àwẹ̀ró ni ìyá yìí ń jẹ́. Dókítà ti sọ ọ́ láìfi bò pé àìsàn ojú tó ń ṣe é ò ní í padà sẹ́yìn, pé ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù yóò máa dín kù ni títí tí yóò fi tán. Àwẹ̀ró ò sunkún. Ohun kan ṣoṣo ló ní òun fẹ́, kí òun rí àbúrò ọkọ òun kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ òun lójú. Sherifat, àbúrò ọkọ yìí, ló gbé Maimunat pọ̀n nígbà tí Àwẹ̀ró dùbúlẹ̀ àìsàn lẹ́yìn ìbímọ, òun náà ló jókòó tì í nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Àtìgbà tó ti gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Àbíjàn, tí fóònù rẹ̀ sì sọnù, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Maimunat, o ní gbogbo ayé ló wà nínú nǹkan ọwọ́ ẹ yẹn," ni Àwẹ̀ró wí. "Àbúrò ọkọ mi ò sí láyé ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Maimunat lára. Ó tẹ Sherifat sínú fóònù, hùn-ún, Sherifat tú jáde bí eéṣú. Sherifat tó ń ta góòlù, Sherifat tó ń ṣègbéyàwó, Sherifat tó jẹ́ ọmọ ìkókó. Ó fi orúkọ bàbá kún un, wọ́n tún pọ̀ sí i. Túnjí tó ń tún fóònù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì ní kó má da ara rẹ̀ láàmú, abẹ́rẹ́ tó bá bọ́ sódò, àwátì ni. Maimunat ní òun á gbọ́n odò náà gbẹ. Àtìgbà náà ni kò ti wo ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Nígbà tó wá a tì, ó bẹ ìyá rẹ̀ kó jókòó síwájú fóònù, kó fẹnu ara rẹ̀ pe Sherifat. Àwẹ̀ró yanu, ó tún pa á dé. Ó ní ṣé orúkọ àbúrò ọkọ òun ni Maimunat fẹ́ kí òun là mọ́lẹ̀ gbàgà bẹ́ẹ̀ yẹn.

Maimunat kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, àfi bí ẹ̀rín ṣe gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í kúkú pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọjọ́ tí Àwẹ̀ró wọlé ọkọ ló ti wo eyín Sherifat tó funfun báláú, tó sì sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Gbogbo agboolé gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, débi pé bí èèyàn bá pe Sherifat lójú pópó, obìnrin náà ò ní í bojú wẹ̀yìn. Orúkọ tí kì í jẹ́ ni Maimunat ti ń fi wá a kiri ayé!

"Ẹ pè wọ́n bí ẹ ṣe ń pè wọ́n," ló wí, ó sì tẹ fídíò.

Àwẹ̀ró tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Eyínfúnjowó, èmi ìyàwó yín ni. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ojú mi ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n rí yín."

Túnjí ní kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kún un kó lè rìn jìnnà. Maimunat bi í pé ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni Eyínfúnjowó ń gbọ́. Ó kọ orúkọ Sherifat sábẹ́ fídíò náà, ó gbé e sí Fesibúùkù, ó sì ń wọ inú gbogbo ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá Àbíjàn tó bá rí, ó ń gbé e síbẹ̀. Èèyàn díẹ̀ ló wò ó. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníjìbìtì ni wọ́n. Ó dun Maimunat wọra, ó sunkún, ó nu imú rẹ̀, ó tún un gbé. Àárọ̀ kó tó pàtẹ, á gbé e. Ìrọ̀lẹ́ kó tó palẹ̀ mọ́, á tún un gbé. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìyá rẹ̀ ti ń fọwọ́ wá ife omi lórí tábìlì.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan kọ̀wé láti Àbíjàn, Yorùbá àti Faransé lọ́ mọ́ra wọn nínú ẹ̀. Ó ní òun ò mọ Sherifat kankan o, ṣùgbọ́n Eyínfúnjowó ni gbogbo ọjà ń pe ìyá ọkọ òun. Maimunat fi àtẹ sílẹ̀ fún Túnjí, ó fò sórí ọ̀kadà, ó di ilé wọn ní Ajangbadi.

Ó fi fídíò pe ọ̀dọ́mọbìnrin náà. Bí ojú Sherifat ṣe yọ lórí fóònù ló fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwẹ̀ró gbé fóònù náà súnmọ́ ojú títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọwọ́ kalẹ̀. Sherifat kọ̀. Ó ní ojú ń ti òun, iwájú ẹnu òun ti ṣófo, orúkọ náà ò yẹ òun mọ́.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Bí ojú mi bá lọ tán, eyín yẹn náà ni mo ṣì máa máa rí. Ẹnu tó kù ni mo fẹ́ rí lónìí."

Sherifat sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró wò ó, ó tún un wò, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀ títí dátà fi tán. Maimunat sáré jáde lọ ra òmíràn.