Firíjì Tí Ó Ń Dúró De Laure

Mọ́rìnọ́lá kì í fi iná ṣòfò. Nílé rẹ̀ ní Pobè, gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tàn lálẹ́, òun náà kì í pẹ́ kú. Fáànù ti di ilé aláǹtakùn. Síbẹ̀, káàdì iná tó máa ń gbé e dé òpin oṣù kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì mọ́ kó tó tán. Ó wá ránṣẹ́ sí Valentin, àbúrò rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ iná ní Sakété.

Valentin dé lọ́sàn-án. Ó pa ohun gbogbo tó ń lo iná, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun wá wo ojú iná pupa kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ẹ̀rọ tó ń ka iná.

"Bó bá ṣe ń yára ṣẹ́jú tó, bẹ́ẹ̀ ni káàdì yín ń yára tán tó."

Ó tan gílóòbù. Ojú náà ń ṣẹ́ bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Ó tan fáànù, ó yára díẹ̀. Nígbà tó ki okùn firíjì ńlá inú ilé ìdáná bọ ara ògiri, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ bí ojú tí iyanrìn kó sí.

"Olè yín rèé. Ẹ ń lé eṣinṣin kúrò lórí ọbẹ̀, ẹ sì so ajá mọ́dìí ìkòkò."

"O ti bú mi tán. Tún un ṣe."

Valentin fọwọ́ kan rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn firíjì náà. Ó ti ya. Òtútù ń jáde, ooru ń wọlé. Ẹ̀yìn rẹ̀ tún fara ti ògiri ààrò.

"A lè sún un kúrò nídìí ààrò. Ṣùgbọ́n wọn kò ta irú rọ́bà yìí mọ́. Tọ̀sán-tòru ni yóò máa ṣiṣẹ́, bí ẹni ń fi agbọ̀n pọn omi." Ó ṣí i. "Kí ló tilẹ̀ wà nínú ẹ̀?"

Ààbọ̀ ọ̀yà ni, ó ti dì bí òkúta. Kò sí nǹkan mìíràn.

"Ti Laure ni," ni Mọ́rìnọ́lá wí.

Laure, ọmọ rẹ̀, ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́yìn odi, ní Libreville. Ó ní òun ń bọ̀ ní Kérésìmesì. Ìyá rẹ̀ ra ọ̀yà lọ́wọ́ ọdẹ kan ní Igana. Ọmọ náà sún bíbọ̀ rẹ̀ di Àjíǹde, ó tún sún un di ìgbà iṣu tuntun. Bó bá pè lórí fóònù, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Màámá, ṣé ẹran mi ṣì wà?" Ìyá rẹ̀ a ní ó wà, Laure a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà a sì kún inú ilé fúngbà díẹ̀.

"Ẹ yan án," ni Valentin wí.

Mọ́rìnọ́lá pa ilẹ̀kùn firíjì náà dé. Ẹran tútù ni wọ́n ń tọ́jú de ẹni tó wà lójú ọ̀nà. Ẹran yíyan, ẹni tó jìnnà ni wọ́n ń dì í ránṣẹ́ sí. Láti Kérésìmesì ló ti ń ra iná, kó má baà jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ sọ pé ọmọ òun kò bọ̀.

Ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ firíjì náà, níbi tó gbóná sí, ó sì gbọ́ bó ṣe ń kùn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa okùn rẹ̀ yọ. Ó kó igi sí ààrò, ó dúró títí ẹran náà fi rọ̀ kó tó fi ọ̀bẹ sí i.

Nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó ní, láìwẹ̀yìn, "Nínú àwọn oníṣòwò Sakété yín, ta ló ń lọ Libreville?"

"Màrúfátù ń lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Bá mi bẹ̀ ẹ́. Sọ fún un pé ẹrù náà kò wúwo."