Ààlè Orí Kànga

Kí n tètè sọ ọ́ kí n tó máa ṣe àgbà lójú yín: ẹ̀rù bà mí. Ọdún méjìlélógún ni mo ti fi jẹ́ akọ̀wé kóòtù nílùú Ifẹ̀ nígbà náà. Èmi ni mo máa ń ka ẹ̀sùn sí olùjẹ́jọ́ létí, tí n óò sì bi í pé, "Ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?" Mo ti bi olè, mo ti bi ẹni tó fi mọ́tò gbá èèyàn, mo ti bi ìyàwó tó da omi gbígbóná lé ọkọ rẹ̀ lórí. Bí ohùn wọn bá kéré, n óò jágbe mọ́ wọn pé, "Sọ ọ́ sókè!" Bí wọ́n bá ń gbọ̀n, inú a máa bí mi. Mo máa ń rò ó pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń gbọ̀n sí?

Ní oṣù kejì ọdún 1994, ó kan èmi náà.

Kànga kan wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìrémọ. Bàbá mi ló gbẹ́ ẹ. Etí rẹ̀ kò ga ju orúnkún lọ, pákó la fi bo ẹnu rẹ̀, igi kan sì dá bùú lókè rẹ̀ níbi tí a máa ń so okùn ìfami mọ́. Ikán ti jẹ pákó náà. Àníkẹ́, ìyàwó mi, sọ ọ́ títí ẹnu fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó o: "Bàbá Tẹniọlá, ẹ pe káfíńtà." Mo ní n óò pè é. Ṣùgbọ́n ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún náà le, ẹ̀rọ omi ìjọba ò yọ, gbogbo àdúgbò ń gbé garawa wá sẹ́yìn ilé mi láì tọrọ gáfárà. Èyí ló ń dùn mí ju pákó lọ. Bí mo bá sọ fún wọn pé pákó ti jẹrà, wọn á ní kí n tún un ṣe, tí mo bá sì tún un ṣe tán, wọn á tún máa pọn omi mi lọ. Ni mo bá kúkú pa ààlè.

Ìkarahun ìgbín kan, àkísà pupa kan, àti òòyà kan tí eyín rẹ̀ ti kán. Mo so wọ́n pọ̀, mo sì fi ọ̀pá gígùn tí a fi ń já ìbẹ́pẹ gbé wọn kọ́ sórí igi tó dá bùú lókè kànga. Ẹni tó bá rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níwájú ohun kan mọ̀ pé olóhun ní kí òun má fọwọ́ kàn án, àti pé bí òun bá fọwọ́ kàn án, ohun tí ojú òun bá rí, kí òun fara mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, kò sí garawa tó tún yọjú. Mo fi ń yangàn níbi iṣẹ́. Mo ní òfin nìyẹn, òfin tí kò nílò ọlọ́pàá, tí kò nílò adájọ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, Rùqáyyàh já sínú kànga.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Àtọ́kẹ́ ìyá rẹ̀ ń ránṣọ nílé kejì sí tiwa. Ará Ẹdẹ ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo yìí ló sì ní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti kóòtù dé, mo ń bọ́ bàtà, ni mo gbọ́ tí pákó ṣẹ́. Mo gbọ́ igbe kékeré kan. Lẹ́yìn náà, n ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, nǹkan tí n ò gbọ́ mọ́ yẹn ló dẹ́rù bà mí ju igbe náà lọ.

Fákúnlé tó máa ń gbẹ́ kànga ládùúgbò wa ló fi okùn sọ̀ kalẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ó ń mí! Ẹ fà á!" Omi ti fà, ẹrẹ̀ ló gba ọmọ náà sílẹ̀. Èmi ni mo tẹ́wọ́ gbà á. Orí rẹ̀ ti bẹ́, kò ṣíjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ di nǹkan kan mú gírígírí. Mo tú àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òòyà mi ni. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti sọ ọ́ sápò. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Inspẹ́kítọ̀ Lágúnjú wá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló máa ń kó ẹjọ́ wá sí kóòtù wa.

"Bàbá Akọ̀wé," ó ní, "ọmọ yẹn ò tíì lajú o. Tó bá kú, ìpànìyàn láìmọ̀ọ́mọ̀ ni, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́ rẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni fáìlì máa lọ. Ṣé ìkìlọ̀ wà níbẹ̀, sà?"

"Ààlè wà níbẹ̀."

Ó gbójú sókè, ó rí ìkarahun àti àkísà tó ń mì lórí igi. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. "Ó parí nìyẹn. Ààlè ju ìkìlọ̀ lọ. Àfi ká bi ìyá rẹ̀ bó ṣe jẹ́ kí ọmọ dé ibi tí wọ́n pa ààlè sí."

Kò bi mí nípa pákó. Èmi náà ò sọ ọ́. Mo tọwọ́ bọ ìwé.

Nígbà tó lọ tán, mo jókòó, òòyà náà sì ń gún mi nítan láti inú àpò. Mo ń rò ó pé kí ni ọmọ yẹn ń fi òòyà mi ṣe? Mo dá ara mi lóhùn pé olè ni. Ó jí ohun ààlè, ọwọ́ òfin sì tẹ̀ ẹ́. Ṣebí adájọ́ wa máa ń sọ ọ́ pé àìmọ̀ òfin kì í ṣe àwáwí? Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn fún bíi wákàtí kan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà ni Àtọ́kẹ́ wọlé, ó sì kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀ síwájú mi.

"Bàbá, èmi ni mo fẹ́ pa ọmọ mi."

Mo ní kó dìde. Kò dìde.

"Lánàá ni mo bá òòyà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ń ya irun ọmọláńgidi rẹ̀. Ó ní afẹ́fẹ́ ló já a bọ́, pé ẹ̀gbẹ́ kànga lòun ti he é. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, Bàbá, torí mo ti rí ààlè yín. Ara mi bù máṣọ. Bàbá rẹ̀ ti lọ, òun nìkan ló kù mí kù. Mo gbá a létí, mo ní kó lọ so ó padà kí ààlè tó jà wá. Mo ní kó má jù ú sílẹ̀ o, kó so ó síbi tó wà gan-an." Ó nu imú rẹ̀. "Ó ní, 'Màámi, ó ga.' Mo ní kó gun orí pákó."

Mo fọwọ́ bo àpò mi.

"Lọ́la, tí mo bá ti ọsibítù dé, n óò lọ sọ ọ́ fún Inspẹ́kítọ̀. Ẹ̀yin ò mọwọ́ mẹsẹ̀, Bàbá. Ẹ bá wa bẹ ààlè yín kó má mú ọmọ mi lọ."

Ó yẹ kí n dá a dúró. Ohun tí mo sọ ni, "Máa lọ ná, Àtọ́kẹ́. Jẹ́ ká wò ó." Mo mọ̀ dájú pé bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, mo bọ́. Ìyẹn gan-an ló mú kí ẹ̀rù tó ń bà mí yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀wọ̀n ni mò ń bẹ̀rù. Ní báyìí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ara mi.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ tèmi nìkan ni mo ti ń gbọ́ látàárọ̀. Mo wá fi ti ọmọ náà sí i. Ká ní olè ni lóòótọ́, igbó ni ìbá sọ òòyà sí, ìbá sì máa ṣeré rẹ̀ lọ. Òfin mi ló pa mọ́ tó fi já. Ìyá rẹ̀ náà, òfin mi ló bẹ̀rù. Ká ní wọn ò náání ààlè ni, kò sẹ́ni tí ìbá fara pa. Mo tún wo ọ̀pá ìbẹ́pẹ tó fẹ̀yìn ti ògiri. Kí ló dé tí mo fi ọ̀pá gbé ààlè kọ́? Mo ga. Bí mo bá gun pákó yẹn, ọwọ́ mi á tó igi náà, á sì ṣẹ́kù. N ò gùn ún nítorí mo mọ̀ pé kò ní gbé mi. Mo mọ̀ ọ́n, mo fi ọ̀pá ṣọ́ ẹsẹ̀ ara mi, mo wá fi ìkarahun ṣọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó kù. Mo pariwo ohun tí mo ni, mo dákẹ́ lórí ohun tó lè pa wọ́n.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Àníkẹ́ wá sọ fún mi pé ọmọ náà ti lajú. Mo lọ sí ọsibítù. Ọmọ náà yè o, kí n má fi yín sínú àníyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí dòní kì í gba ẹ̀yìnkùlé mi kọjá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì ní àwọn ò tíì mọ ibi tó máa já sí.

Bí Rùqáyyàh ṣe rí mi, ó fa aṣọ bo orí. Gbogbo bẹ́ẹ̀dì ń mì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mi ò jí i," ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ aṣọ. "Mo fẹ́ so ó padà ni. Ó ti bọ́ sínú omi. Ẹ sọ fún ààlè kó má pa Màámi."

Ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀. "Ẹ dárí jì wá, Bàbá."

Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi mì. Mo tọwọ́ bọ àpò, mo yọ òòyà náà. "Kò bọ́ sínú omi. Òun rèé. O dá a padà."

Ó yọjú díẹ̀. "Mo dá a padà?"

"O dá a padà. Kò ní í ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Òòyà lásán ni."

Ó wò ó títí, kó tó gbórí lélẹ̀. Àtọ́kẹ́ ò wo òòyà ní tiẹ̀. Àpò mi ló ń wò.

"Bàbá," ó rọra béèrè, "láti Jímọ̀?"

"Láti Jímọ̀."

Mo wá sọ ti pákó fún un, mo sì sọ ti ọ̀pá. Kò bú mi, kò sì sunkún. Ó kàn dìde lórí ìkúnlẹ̀ ó sì kọ ẹ̀yìn sí mi, ó tún aṣọ ọmọ rẹ̀ ṣe. Ìgbà náà ni mo lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Lágúnjú rẹ́rìn-ín. "Sà, ẹ ti tọwọ́ bọ tiyín tẹ́lẹ̀."

"Ya á. Mú òmíràn wá."

Mo rò gbogbo rẹ̀ fún un, mo fi òòyà lé tábìlì. Ẹ̀rín tán lójú rẹ̀. "Bàbá Akọ̀wé, ẹ ro ó dáadáa o. Ìwájú dọ́ọ̀kì olùjẹ́jọ́ lẹ máa ń dúró sí. Ṣé ẹ fẹ́ bọ́ sínú ẹ̀ ni? Iṣẹ́ yín ńkọ́?"

"Bi mí léèrè," mo ní. "O mọ ìbéèrè náà."

Kò lè bi mí. Mo ju bàbá rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Mo bá dìde, mo di tábìlì mú, mo sì fi ohùn tí mo máa ń lò ní kóòtù bi ara mi: "Oyèwọlé, ṣé o jẹ̀bi àbí o ò jẹ̀bi?"

Ohùn tí mo fi dáhùn kéré débi pé Lágúnjú ní kí n jọ̀ọ́, kí n tún un sọ sókè.