Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Gbé Sọ́rùn Bàbá

"Ta ló gbọ́ ohun tí Bàbá sọ nínú wa?"

Bùọ̀dá, àkọ́bí Bàbá, ló béèrè. Àǹtí, àbúrò bàbá wọn, kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé ìdáhùn fẹ́ gba ojú títì kọjá. Atúpalẹ̀, àbíkẹ́yìn ilé, fi eyín há ètè. Bàbá fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí láàárín ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì gbá ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ ọrùn, ó ń wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

Láti ìgbà tí àwọn dókítà ti yọ gògóńgò rẹ̀ nítorí àìsàn ló ti ń lo ẹ̀rọ náà. Bí ó bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ̀rọ á máa kùn bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Bàbá á wá máa mi ètè àti ahọ́n, kíkùn náà á sì gba ẹnu rẹ̀ jáde bí ọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ni o. Ojú kan náà ló máa ń wà. Kì í gòkè, kì í sọ̀kalẹ̀. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ ti sọ gbogbo wọn di pẹrẹsẹ bí pákó tí wọ́n fi ìfági fá.

Nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún wọn pé kí Bàbá má máa mira jù, kí ẹ̀rọ má baà yẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí Bàbá bá ti ń sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò, Bùọ̀dá á gbá ọwọ́ náà mú, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ itan rẹ̀.

"Ẹ rọra, Bàbá. Ẹ má bínú. Ọwọ́ yín, ọwọ́ yín."

Àpò aṣọ Bàbá ti wà ní bùútù mọ́tò. Bùọ̀dá ló gbé mọ́tò wá láti ìlú tó ń gbé, ó ní ọ̀dọ̀ òun ni Bàbá yóò máa gbé láti òní lọ, àti pé àwọn yóò ti ṣọ́ọ̀bù náà pa kí àwọn tó lọ. Kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ṣeré.

"Bùọ̀dá mi, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ lọ," Atúpalẹ̀ sọ.

"Ṣebí mo bi wọ́n lójú ẹ? O ò gbọ́ èsì ni? Súúúúú! Bẹ́ẹ̀ ni nìyẹn ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

"Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ta ló ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Èmi, àbí ìwọ tó lọ ra ẹ̀rọ ìgẹrun sí wọn lọ́rùn?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Àǹtí kó tó fi ọwọ́ bò ó. "Ẹ dákun. Ó jọ ọ́ lóòótọ́ ni."

Ọ̀rọ̀ náà ta Atúpalẹ̀ bí agbọ́n. Òun ló ra ẹ̀rọ náà, kò sì sí ohun tó kórìíra tó o láyé. Láti kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Atúpalẹ̀, nítorí kò sí aago tàbí rédíò tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìtú. Nígbà tó dé yunifásítì, èdè ló ń tú. Ní báyìí, ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń gé ohùn àwọn èèyàn, ó ń tò ó lórí kọ̀ǹpútà. Ó ti gbé ohùn Bàbá síbẹ̀ wò. Ìlà tó yẹ kó máa gòkè sọ̀kalẹ̀ nà gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ. Ó ti tú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú: bátìrì, wáyà, irin pẹlẹbẹ kan tó ń gbọ̀n. Òfo ni.

"Jẹ́ kí wọ́n máa lọ, ọmọ mi," Àǹtí sọ. "Ọpọlọ wọn náà ti rẹ̀. Ṣé o ò rí bí wọ́n ṣe ń ju ọwọ́ kiri bí ẹni ń lé ẹ̀fọn?"

"Ọpọlọ wọn ò rẹ̀!" Ariwo Atúpalẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òrùlé. "Gògóńgò ni wọ́n yọ, wọn ò yọ orí wọn! Ohùn gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ṣì wà nínú wọn!"

"Níbo?" Bùọ̀dá na ìka. "O ti kàwé. Ó yá, fi hàn mí. Ibo ló wà?"

Inú túbọ̀ bí Atúpalẹ̀, nítorí ìbéèrè tirẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé inú orí ni ohùn ń gbé, tí ọ̀nà ọ̀fun kàn jẹ́ ojú ọ̀nà tó ń gbà jáde, nígbà tí wọ́n dí ojú ọ̀nà yẹn, ṣé ohun tó ti ń jáde láti ìgbà èwe á kàn jókòó sílé ni?

Bàbá tún tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kùn. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra, Bùọ̀dá sì gbá a mú. Bàbá fa ọwọ́, Bùọ̀dá tẹ̀ ẹ́. Ni Bàbá bá fi ìbínú ju ẹ̀rọ náà nù. Ó bá ògiri, ó yí gbirigbiri lọ sábẹ́ tábìlì, sínú lẹ́búlẹ́bú pákó.

"Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe!" Bùọ̀dá fi ọwọ́ Bàbá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń táràrà kiri.

Ẹ̀rọ ti dákẹ́. Àmọ́ ẹnu Bàbá kò dákẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì láìsí ohùn kankan, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ń fò. Ó dúró ní ọ̀gangan àyà. Ó já sí ìbàdí. Ó padà sí àyà. Ó fò dé èjìká, ó já, ó padà sí àyà, ó dúró níbẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀: àyà, ìbàdí, àyà, èjìká.

Kò sí ẹni tó ń lé ẹ̀fọn gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Bùọ̀dá ti rí ẹ̀rọ náà. Ó gbọ̀n ọ́n, ó sì na ọwọ́ láti tún di Bàbá mú.

"Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n!" Atúpalẹ̀ fò sáàárín wọn. "Ọwọ́ yìí! Ọwọ́ tí ẹ ti ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láti àárọ̀! Ohùn òkè rèé ní èjìká, àárín rèé ní àyà, ìsàlẹ̀ rèé ní ìbàdí. Ẹ wo ètè wọn, kí ẹ sì wo ọwọ́!"

Bàbá tún un sọ. Atúpalẹ̀ ń bá ọwọ́ náà gòkè, ó ń bá a sọ̀kalẹ̀. "Mi. Ò. Lọ. Síbì. Kankan."

Àǹtí káwọ́ lérí. Bàbá kò tilẹ̀ wò ó. Bùọ̀dá ló kọjú sí, tìbínú-tìbínú, ètè rẹ̀ sì tún ń mì. Ọwọ́ lọ sí èjìká, ó já sí ìbàdí, ó dúró díẹ̀ níbẹ̀, ó gòkè sí àyà, ó já, ó padà sí àyà, ó tún já.

"Gbé," Bùọ̀dá bẹ̀rẹ̀, ó rọra ń sọ ọ́ bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kàwé. "Gbé àpò mi sọ̀kalẹ̀."