Àpáàdì Imí Ọjọ́

Nígbà tí ọ̀rọ̀ òkúta yìí bẹ̀rẹ̀, ọkọ Ìsíátù ṣì wà láyé, ìyá arúgbó tó ń ta ògì níwájú ilé wọn ní Ìsọlọ̀ wà láyé, Mùktárù àbúrò Ìsíátù náà wà, ara rẹ̀ le koko.

Mùktárù ló gbé òkúta náà wá láti oko bàbá wọn lápá Ìsẹ́yìn. Ó dúdú, ó ń dán, ó rọ̀ bíi ti inú pẹ́ńsù. Gírífáìtì ni wọ́n ń pè é. Ẹbí fẹ́ ta ilẹ̀ náà, Mùktárù ò fẹ́. Bí òkúta ibẹ̀ bá mọ́, tó rí oníbàárà, ẹbí á jáwọ́.

Ọlálérè tó ń yọ́ irin l'Éjìgbò ní òun á rà á, àmọ́ bí imí ọjọ́ bá pọ̀ nínú ẹ̀, irin òun á máa sán.

Òórùn imí ọjọ́ kẹ̀, ta ló mọ̀ ọ́n ju Ìsíátù lọ? Ogójì ọdún ló fi ń yan án, tó ń pò ó mọ́ ọṣẹ dúdú fún àwọn ọmọ tó ní làpálàpá. Ó fọ́ òkúta náà wẹ́wẹ́, ó dà á sínú àpáàdì, ó gbé e lé iná èédú. Kò pẹ́, òórùn gba gbogbo àgbàlá.

"Imí ọjọ́ wà nínú ẹ̀, Mùktárù."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tún un gbọ́ wò."

"Ṣé imú mi lo fẹ́ kọ́ níṣẹ́ ni?"

Mùktárù fi òkúta yòókù sílẹ̀, ó lọ wọkọ̀ l'Óṣòdì. Ọjọ́ Àlàmísì ni ẹbí máa tẹ̀ka sí ìwé títa ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò tán nínú Ìsíátù. Òkúta ẹ̀kúnwọ́ kan, báwo ni òórùn rẹ̀ ṣe pọ̀ tó yẹn? Ó gbé àpáàdì náà kaná lófìfo. Òórùn kan náà. Àṣé inú àpáàdì yìí ló ti ń yan imí ọjọ́ láti ìgbà tó ti bí àkọ́bí. Amọ̀ ti mu ún yó. Ó ra ìkòkò tuntun, ó fọ́ ọ ṣe àpáàdì mìíràn, ó yan òkúta tó kù lórí ẹ̀. Kò rùn rárá.

Ó pe Mùktárù láàárọ̀ Àlàmísì. "Má tẹ̀ka o. Àpáàdì mi ló ń rùn, kì í ṣe ilẹ̀ bàbá wa."

Mùktárù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀ ló kù kí ẹ fi imú ta ilẹ̀ wa."

Wọn ò ta ilẹ̀ mọ́. Ọlálérè gbé òkúta lọ fún àyẹ̀wò, ìwé tó jáde ní ó mọ́, ó sì ń rà á fún ọdún méjì gbáko. Ìsíátù ò yé bèèrè: ṣé bó ṣe mọ́ lókè náà ló mọ́ nísàlẹ̀? Kí ó má baà máa yọ òun lẹ́nu, Mùktárù wa kòtò jìn, ó fi díẹ̀ ránṣẹ́.

Ìsíátù yan án lórí àpáàdì tuntun náà. Ti ìsàlẹ̀ rùn, ó rùn gidi. Ó pe Mùktárù pé kó fi mọ sí tòkè, kó má wà á jìn mọ́. Ameenat ọmọ Mùktárù ló gbé fóònù. Ó ní bàbá òun ti kú láti ìdájí, pé wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́.