Ẹni Tó Fẹ́ Kó Wọ Yàrá Wa

Nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún. Èmi ni mọ́kàndínlógún. Láìpẹ́ á kàn mí, Si Jawad, òṣìṣẹ́ tó ń ṣètò owó yíyá ní báńkì yìí, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Lalla Touria, ẹ fọwọ́ sí ibí,” èmi náà á sì… kí ni èmi náà á ṣe?

Ṣé òun gan-an ló fẹ́ gba yàrá wa? Jawad mélòó ló ń ṣiṣẹ́ báńkì ní ìlú Salé? Wọ́n lè pọ̀. Jawad tó ní àpá lágbọ̀n, tí ìyàwó ẹ̀ lóyún… òun ni. Kí n má tan ara mi jẹ.

Lalla Zhor, onílé wa, ló gbé ìròyìn náà wá láàárọ̀ yìí, tòun ti mìsémẹ́nì, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wa, tó gbóná nínú àwo. “Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀, owó ìdógò yín wà nílẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ ní yàrá yín ti gbé tiẹ̀ wá lánàá, ó pé pérépéré. Ọmọ báńkì ni, Jawad lorúkọ ẹ̀, ó ní àpá lágbọ̀n, ìyàwó ẹ̀ sì lóyún. Ì bá wù mí kẹ́ ẹ dúró o, àmọ́ ìwọ lo ní ò ń lọ.” Mo bi í, báńkì wo? Ó dárúkọ báńkì yìí gan-an.

Owó ìdógò… Ọdún mẹ́fà rèé tá a ti kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin dírámù fún Lalla Zhor, bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí. Onílé á máa fi ṣòwò, owó ilé tiwa á sì kéré. Ọjọ́ tá a bá kó jáde, á dá a padà láìdín ẹyọ kan. Kí wá ni Si Jawad sọ fún mi ní báńkì yìí kan náà?

“Ìdógò kẹ̀? Lalla Touria, àwọn ìyá wa ló ń ṣèyẹn. Ẹ ò nílò ìfowópamọ́ kankan, báńkì á san gbogbo owó ilé tẹ́ ẹ fẹ́ rà, ẹ ó wá máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Owó ìdógò yẹn, ẹ fi ra ẹ̀rọ ìfọṣọ.”

Ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo ti mú àwọ̀ ẹ̀ pàápàá.

Lẹ́yìn náà ló wá ń béèrè: àjà kelòó lẹ wà? Ṣé oòrùn ń wọlé? Ṣé onílé ò ní wàhálà? Mo rò pé ọ̀yàyà ni. Mo ní oòrùn kì í kúrò ní ilé ìdáná wa títí di ìrọ̀lẹ́, Lalla Zhor ò fowó lé owó ilé rí… Èmi ni mo polówó ilé ara mi fún un. Ojú ń tì mí.

Nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún.

Ṣé ó parọ́ ni? Kò parọ́. Gbogbo ohun tó sọ ló wà nínú ìwé, pẹ̀lú òǹtẹ̀. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n la ó fi san gbèsè náà, pẹ̀lú èlé. Wíàm ọmọ mi á ti lọ sílé ọkọ, màá ṣì máa san án. Miloud ọkọ mi ní, “Ẹni tó kàwé ló sọ ọ́, ṣé ìwọ ló máa wá kọ́ báńkì níṣẹ́?” Àmọ́ ẹni tó kàwé yẹn… nígbà tó kan owó tiẹ̀… ọ̀dọ̀ Lalla Zhor ló gbé e lọ. Mi ò sì bi í rí pé, ìwọ ńkọ́, Si Jawad, kí lò ń ṣe fún ara ẹ?

Méjìdínlógún. Ó ti rí mi. Ó ń mi orí sí mi, tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò mọ̀ pé mo mọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ìbéèrè tó fi bẹ̀rẹ̀ ni, “Ṣé ẹ ní owó kankan nípamọ́?” Mo dorí kodò. Mo ní a ò ní nǹkan kan.

Nǹkan kan.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi rán aṣọ jèlábà fáwọn èèyàn kí owó ìdógò yẹn tó pé. Mo ta ẹ̀gbà ọwọ́ ìgbéyàwó mi kún un. A ní in. Ó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, inú ẹ̀ là ń sùn, inú ẹ̀ là ń jí. Èmi ni mo pè é ní òfo. Ẹni tó ń fọwọ́ kan owó látàárọ̀ dalẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe òfo.

Mọ́kàndínlógún. Ó nawọ́ sí àga. Ó ti ṣí bírò dè mí.

Mi ò tíì fọwọ́ sí ìwé kankan, kọ́kọ́rọ́ ilé wa sì ṣì wà nínú àpò mi.