Orúkọ Tí Dókítà Ní Kí N Pè

Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Ohun tí Dókítà Hartley fi ojú mi rí, n ó sọ ọ́ títí ẹnu mi yóò fi bó.

MaDlomo ni wọ́n ń pè mí. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, Ntaka sì ni àbíkẹ́yìn wọn. Ọkùnrin ni wọ́n ní ó jẹ́ nígbà tí mo bí i, bàbá rẹ̀ sì sọ ọ́ ní orúkọ bàbá tirẹ̀. Orúkọ yẹn kò ṣeé pè fún mi. Ìyàwó kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ ní ilẹ̀ wa, ì báà wà láàyè, ì báà ti di ará ọ̀run. Nítorí náà ni mo ṣe ń pe ọmọ mi ní Ntaka, ìyẹn ẹyẹ, nítorí igbe tó máa ń ké kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ará ilé ń pè é ní orúkọ bàbá àgbà rẹ̀, èmi ń pè é ní tèmi.

Nígbà tó dàgbà tó sọ fún mi pé obìnrin ni òun, mo sunkún, mo bínú, mo tún sunkún. Nígbà tó yá, ó sú mi. Ọmọ mi ni. Ẹni tó bá ní kí n jù ú nù, kí ó kọ́kọ́ ju tirẹ̀ nù kí n wò ó.

Oògùn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ dókítà. Họ́móònù ni wọ́n ń pè é, òun ló ń sọ ara àwọn bíi Ntaka di ti obìnrin díẹ̀díẹ̀. Ntaka ti ń rà á lábẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan, ó ń lò ó bí ó ṣe gbọ́ ọ, títí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ fi wú bí iṣu. Nọ́ọ̀sì abúlé wa ní ẹ̀jẹ̀ ló dì sínú rẹ̀. Ó ní bí kò bá sí dókítà tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, tó ń wọn oògùn náà fún un, ọjọ́ kan ni ẹ̀jẹ̀ dídì yẹn máa gòkè, kò sì ní dúró níbi tó dáa. Ntaka ò sì ní fi oògùn náà sílẹ̀. Ó ní kí òun tó padà sí ara àtijọ́, ikú yá.

Dókítà tó ń kọ oògùn náà wà ní ilé ìwòsàn ńlá, ṣùgbọ́n kò ní kọ ọ́ àfi bí dókítà ọpọlọ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni ọmọ náà ń sọ. Ó pẹ́ gan-an kí ó tó kan Ntaka. Ìgbà tó kàn án, wọ́n ní kí ó mú ìyá rẹ̀ wá. Ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún! Ẹni tó ń rẹ́ irun àgùntàn fún gbogbo olóko agbègbè wa, tó ń bọ́ mi! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ ṣe iṣẹ́ abẹ nínú ikùn, ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ pè mí.

Nínú ọkọ̀, Ntaka bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́.

"Màmá, bí ó bá bi yín, ẹ sọ pé bèbí ni mo fi ń ṣeré ní kékeré."

"Bèbí wo? Ìwọ tó jẹ́ màlúù alámọ̀ lo máa ń mọ kiri ẹ̀bá odò?"

"Mo mọ̀, Màmá. Àmọ́ bèbí ni gbogbo àwọn tó rí oògùn gbà sọ. Ẹnikẹ́ni ò sọ màlúù."

"Ṣé ìdánwò ni?"

"Ìdánwò ni o. Ẹ ẹ̀ sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín."

Dókítà Hartley ni dókítà ọpọlọ náà. Ọmọ olóko ni, àárín wa ló dàgbà sí. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n ó ń sọ èdè wa ju àwọn ọmọ wa tó wà ní ìgboro lọ. Inú mi dùn. Mo ní ẹni tó gbọ́ èdè wa á gbọ́ ọ̀rọ̀ wa. Mo gọ̀ púpọ̀.

Ó ní kí Ntaka dúró síta, ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ nítorí ooru.

"Màmá, kí ló máa ń fi ṣeré ní kékeré?"

"Bèbí," mo dá a lóhùn, mo ń wo ilẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. "Bèbí ni gbogbo ìyá tó jókòó síbẹ̀ ń sọ. Ta ló kọ́ yín?"

Ojú tì mí. "Ó dáa, màlúù alámọ̀ ni."

"Ẹ ò rí i? Eré ọmọkùnrin."

"Èmi náà mọ màlúù alámọ̀ ní kékeré, Dókítà. Ṣé kí n wá gba ìwé pé ọkùnrin ni mí?"

Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ṣí fáìlì. "Kí lẹ máa ń pè é nílé?"

"Ntaka."

"Orúkọ tó wà níbí kọ́ nìyẹn. Ẹ ò pè é ní orúkọ rẹ̀ gan-an rí?"

"Láéláé. Orúkọ bàbá ọkọ mi ni."

Ojú rẹ̀ tàn bí ẹni tó rí owó he. Ó ní, "Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Ìyá tó kọ̀ láti pe ọmọkùnrin rẹ̀ ní orúkọ ọkùnrin! Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ dà báyìí, Màmá. Ẹ ò fẹ́ ọmọkùnrin."

"Mo bí ọkùnrin méjì ṣáájú rẹ̀! Àṣà wa ni. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà ò pe orúkọ yẹn rí, ọmọ tirẹ̀ tó ń jẹ́ ẹ sì ti di ọlọ́pàá, irùngbọ̀n rẹ̀ kún dé àyà!"

"Mo mọ àṣà yẹn. Àárín yín ni mo dàgbà sí. Àṣà náà ti kú, ẹ kàn ń sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni." Ó gbé bírò sílẹ̀. "Bó bá jẹ́ àṣà lásán ni, ẹ pè é lẹ́ẹ̀kan péré, kí n mọ̀ pé ẹ ò kórìíra ọmọkùnrin tí ẹ bí. Ìgbà náà ni mo tó lè ronú àtifọwọ́ sí i."

Mo rántí ẹsẹ̀ tó wú yẹn. Kí ni òkú bàbá ọkọ mi máa fi ṣe mí tó ju kí n sin ọmọ mi lọ? Mo dìde, mo tún ìborí mi so, mo ní, "Bàbá, ẹ dárí jì mí, nítorí ọmọ yín ni." Mo sì pe orúkọ náà. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ mi, kò gba ẹnu mi jáde rí.

Dókítà mú bírò, ó kọ nǹkan, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ ò rí i, Màmá? Ẹ̀yin gan-an mọ̀ pé ọkùnrin ni. Mi ò lè fọwọ́ sí i báyìí. Ẹ lọ ro ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ nínú ẹbí, kí ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọdún tó ń bọ̀! Bí mo bá sọ̀rọ̀, màá bú u. Bí mo bá bú u, wọn á ní wèrè ni ìyá Ntaka. Mo gbé àpò mi, mo jáde.

Ntaka jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó na ẹsẹ̀ òsì síwájú, omijé ń dà lójú rẹ̀.

"Ó kọ̀," ni mo wí. "Má sunkún, a ó wá dókítà mìíràn."

"Kì í ṣe nítorí ìyẹn, Màmá. Mo gbọ́ tí ẹ pè mí."

"Nítorí oògùn rẹ ni!"

"Mo mọ̀. Mi ò bá yín jà." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Gbogbo ayé ló ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹnu yín nìkan ni mo ní tí kò pè é."

Mi ò mọ ìgbà tí mo yí padà. Ẹlòmíràn ti wà lórí àga tí mo dìde kúrò, ìyá kan bíi tèmi. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé gbàgà.

"Dá a padà!" ni mo pariwo mọ́ Dókítà Hartley. "Mo ní kí o dá a padà!"

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wo orí tábìlì, ó tún wò mí.

"Màmá," ó ní, "kí ni mo mú?"